Ajá Méjì Tí A Fi Kọ́ Ẹ̀kọ́ Oúnjẹ

Àwọn tó ń sọ pé ọmọdé ò mọ ìkà ṣe kò tíì rí kíláàsì wa. Olùkọ́ wa ní Pobè kọ́ wa ní ìkà pẹ̀lú sùúrù, ó sì pè é ní ẹ̀kọ́ wíwo nǹkan. Èmi ni mo mọ̀wé jù nínú kíláàsì náà, n kò ní fi ìyẹn pamọ́. Èmi náà ni mo sì ṣe èyí tó burú jù.

Ọdún díẹ̀ péré ni Dàhòmè ti gba òmìnira nígbà náà. Òyìnbó tó ń kọ́ wa tẹ́lẹ̀ ti palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, wọ́n wá fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Àjàṣẹ́ rọ́pò rẹ̀. Èdè Gùn ni èdè ìyá rẹ̀, Faransé ló fi ń kọ́ wa, àfi tí inú bá bí i kọjá ààlà ló tó ń sọ Ànàgó, èdè ilé wa, sí wa, torí pé ó fẹ́ kó yé wa dáadáa. Ṣòkòtò kan ṣoṣo ló ní, ó máa ń lọ̀ ọ́ láràárọ̀. Ó ní ìwé tí wọ́n ya àwòrán ọkàn màlúù àti gbòǹgbò ẹ̀wà sí, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ ká gbára lé e.

“Ẹ má gba ìwé gbọ́,” ni yóò wí. “Ẹ má gba èmi gan-an gbọ́. Ẹ wò ó, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí.”

Òótọ́ ni a sì wò. Ó dé alángbá mọ́ abẹ́ ife pẹ̀lú àbẹ́là tó ń jó, ó ní ká wò ó títí iná yóò fi kú, ká sì máa wo alángbá lọ. Ó mú adìyẹ kan tó ń sàba wá sí ẹ̀yìn kíláàsì, ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta ó ń fọ́ ẹyin kan sínú àwo. Nínú ti àkọ́kọ́, okùn ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ la rí. Èyí tó kẹ́yìn ti hu ìyẹ́, ó ń la ẹnu ó ń pa á dé nínú àwo náà, adìyẹ ìyá rẹ̀ sì ń ké lẹ́yìn wa bí ẹni pé ó mọ̀. Ọmọbìnrin kan bú sẹ́kún. Olùkọ́ nà án ní ẹgba mẹ́rin. Kì í ṣe torí pé ó sunkún, ó ní torí pé omijé rẹ̀ kán sínú àwo ni.

Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà rò pé mo fẹ́ di gbogbo ẹrù yìí lé e lórí. Òun ni àgbàlagbà àkọ́kọ́ tó bi mí léèrè pé kí ni mo rí, tó sì dúró gbọ́ ìdáhùn.

Ní sáà kejì, a dé orí ẹ̀kọ́ oúnjẹ. Ìwé ní oúnjẹ kan wà tó ń fúnni lágbára, òmíràn wà tó ń mú ara dàgbà. Olùkọ́ ní kò dá òun lójú, ó ní ká wò ó. Àgbẹ̀ kan láti Ìssábà tí ajá rẹ̀ bímọ gbé ọmọ ajá méjì wá fún un, akọ ni àwọn méjèèjì, inú kan náà ni wọ́n ti wá, àwọ̀ wọn sì bára mu. A yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ ẹni tó ń ra ekùrọ́ lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin, a kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀, a wọ̀n wọ́n. Ọgbọọgba ni wọ́n. Olùkọ́ kò jẹ́ ká sọ wọ́n lórúkọ, ó ní ẹni tó bá sọ nǹkan lórúkọ kò ní lè wò ó mọ́. Nítorí náà, Ajá Ẹ̀kọ àti Ajá Ẹ̀wà la ń pè wọ́n. Ẹ̀kọ àti omi lásán ni ti Ajá Ẹ̀kọ. Ti Ajá Ẹ̀wà, a ó po ẹ̀wà sísè àti orí ẹja gbígbẹ mọ́ ẹ̀kọ tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí sáà bá parí, a ó pe àwọn òbí, a ó sì wọ̀n wọ́n lójú gbogbo ayé.

Èmi ló fún ní kọ́kọ́rọ́ ahéré tí wọ́n wà, torí ilé wa kò jìnnà. Èmi ni kí n máa fún àwọn méjèèjì lóúnjẹ, kí n sì máa kọ ohun tí mo bá rí. Lẹ́yìn náà ló dojú kọ gbogbo wa, ó sì sọ ọ́ ní Ànàgó pé, “Ẹni tó bá fún Ajá Ẹ̀kọ ní nǹkan mìíràn, ìbáà ṣe egungun ẹja, n ó pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé àwọn tó máa ṣe ìdánwò Sètífíkà.” A mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Ó ti pa orúkọ ọmọkùnrin kan rẹ́ lọ́dún tó kọjá nítorí pé ó da omi sí ewéko tí wọ́n ní kó fi sílẹ̀ kó gbẹ. Ọmọkùnrin náà wà lóko ní Aguidi títí dòní.

Nílé wa, ẹ̀gbọ́n mi kankan kò sí mọ́ nínú ilé, wọ́n ti lọ sílé ọkọ. Ó ku èmi àti àbúrò mi ọkùnrin, tí kò tíì tó ọmọ ọdún méjì àbọ̀. Ojú irin ni bàbá mi ń ṣọ́ ní Pobè, níbi tí ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Kùtọnu ń parí ìrìn rẹ̀ sí. Ọmọ Sakété ni wá. Bàbá mi kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá sọ fún un pé ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò gbé àtẹ́lẹwọ́ lé irin, kó tó dá wọn lóhùn. Ìyá mi lóyún. Bó ṣe lóyún ló já ọmọ lẹ́nu ọmú, ìyá bàbá mi sì wá láti Sakété láti gba ọmọ náà mọ́ra, bí wọ́n ti ń ṣe.

Ẹ̀kọ ló ń fún un. Ẹ̀kọ láàárọ̀, ẹ̀kọ lọ́sàn-án, ẹ̀kọ lálẹ́. Kò gbọdọ̀ jẹ ẹyin, kò gbọdọ̀ jẹ ẹja, nítorí pé ọmọdé tó bá tètè tọ́ adùn wọn wò yóò di olè. Gbogbo ilé ló gbà bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìyá àgbà nìkan. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ ọmọ náà fi ń wú. Irun rẹ̀ pọ́n, ó sì ń já. Awọ itan rẹ̀ ń bó. Ìyá àgbà ní ó ń jowú oyún, pé ọmọ tí wọ́n bá já lẹ́nu ọmú nítorí oyún máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé bí èyí tó wà nínú bá ti jáde, tòhún á yá. Ó ń fi àgbo wẹ̀ ẹ́, ó sì ń kọrin fún un. Ó fẹ́ràn ọmọ náà ju ẹnikẹ́ni wa lọ, ìyẹn ló sì ń mú kó ṣòro láti bá a jà.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé irun Ajá Ẹ̀kọ ń já, ikùn rẹ̀ ti tóbi, kò sunkún mọ́, kò ṣeré mọ́, bí èèyàn bá wọlé kò ju ìrù. Ajá Ẹ̀wà ń já bàtà ọmọ ilé ìwé jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo padà sílé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo bá àbúrò mi lórí ẹní, kò gbójú sókè wò mí. Gbogbo ohun tí mo kọ nípa ajá ni mo lè kọ nípa rẹ̀ láìyí ọ̀rọ̀ kan padà.

Inú mi dùn. Ìtìjú ni láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Àánú kọ́ ló kọ́kọ́ dé, ayọ̀ ni, ayọ̀ ẹni tó rí ìdí nǹkan tí àwọn àgbà kò rí. Mo sáré lọ bá bàbá mi lójú irin.

“Baba, kì í ṣe owú ló ń ṣe é. Ẹ̀kọ ni. Ẹ wá wo ajá wa.”

Ó gbọ́ mi tán. Nígbà tó délé, ó ní kí n tún un sọ níwájú ìyá rẹ̀.

“Ìwọ ọmọ yìí,” ni ìyá àgbà wí, “ọmọ ìyá rẹ lo fi wé ajá? Ohun tí wọ́n ń kọ́ yín ní ilé ìwé Òyìnbó nìyẹn?”

“Ìyá, ẹ jẹ́ n bi í,” ni bàbá mi wí. Ó bi mí bóyá ìyá kan náà ló bí àwọn ajá náà. Ó bi mí bóyá wọ́n wúwo bákan náà níbẹ̀rẹ̀, àti ta ló di òṣùwọ̀n mú. Mo dáhùn gbogbo rẹ̀. Ó wá sọ̀rọ̀ kan tí mo lè tún sọ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́: “Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n máa pè wá. N ó wá. Bí mo bá fi ojú mi rí i pé ẹ̀kọ ló ba ajá náà jẹ́, èmi fúnra mi ni n ó máa se ẹyin fún ọmọ mi, kí ẹni tó bá máa bínú bínú.” Ìyá àgbà gbé ọmọ pọ̀n.

N kò lè dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kejì mo mú ẹyin lábẹ́ adìyẹ wa, mo sè é, mo gbé àbúrò mi lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Ó jẹ ìdajì. Ìyá àgbà bá wa níbẹ̀. Ó fi ìka yọ èyí tó wà lẹ́nu ọmọ jù nù, ó lọ ata tútù, ó fi pa ojú mi méjèèjì. Mo ń jà kiri nínú àgbàlá, mo ń fi orí gbá ògiri. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ lé oyún rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ kò ti kúrò lẹ́yìn ìyá àgbà mọ́, bó bá sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń tẹ́ ọmọ sí. N kò rí ọ̀nà gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n pe olùkọ́ wa lọ sí Àjàṣẹ́ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́ tuntun. Ẹni tó dúró fún un ń bẹ̀rù ajá, kò dé ahéré náà lẹ́ẹ̀kan. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, èmi nìkan.

Orí ẹja kan ni mo kọ́kọ́ fún un. Ajá Ẹ̀kọ gbọ́ òórùn rẹ̀, ó gbìyànjú láti dìde, ó ṣubú, ó fàyà fà dé ibi tí ọwọ́ mi wà. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn ajá. Ẹni tí mo fẹ́ bọ́ ni wọn kò jẹ́ kí n bọ́, ọwọ́ mi sì ń wá ẹnu kan kiri. Lọ́jọ́ kejì mo mú méjì. Mo ń jí i nínú ìṣasùn ìyá mi, mo ń jí ẹ̀wà Ajá Ẹ̀wà. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ju ìrù sí mi. Ẹni tí kò bá tíì rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò lè mọ bó ṣe ń dùn mọ́ni.

Ṣé mo gbàgbé ohun tí bàbá mi sọ ni? N kò gbàgbé. Ohun tí mo sọ fún ara mi ni pé nǹkan tó gba ọ̀sẹ̀ márùn-ún láti bàjẹ́ kò lè tún ṣe ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pé yóò ṣì rù lọ́jọ́ náà, bàbá mi yóò ṣì rí i. Mo ti fara balẹ̀ wo bí ara ṣe ń bàjẹ́, mo kọ ọ́ lójoojúmọ́. Bó ṣe ń tètè tún ara rẹ̀ ṣe, ẹnikẹ́ni kò tíì fi hàn mí rí. Mo ń rí i tó ń sanra níwájú mi, n kò kọ ọ́ sílẹ̀, ohun tí n kò sì kọ dà bí ohun tí n kò rí.

Bàbá mi wá lọ́jọ́ náà pẹ̀lú fìlà iṣẹ́ rẹ̀ lórí. Ó dúró níwájú, ó fi ẹ̀rín wò mí. Olùkọ́ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin òwúrọ̀ náà ni, kò tíì yọjú sí ahéré. Ó sọ ọ̀rọ̀ dídùn fún àwọn òbí, ó ṣàlàyé ẹ̀kọ àti ẹ̀wà, ó ní kí wọ́n kó àwọn ajá wá. Wọ́n kó wọn wá. Méjèèjì ń fa okùn, méjèèjì ń gbó. Irun tuntun ti bo ara Ajá Ẹ̀kọ. Nígbà tí wọ́n gbé wọn kọ́ òṣùwọ̀n, èèyàn ní láti wá ìyàtọ̀ wọn kó tó rí i. Àwọn òbí bú sẹ́rìn-ín.

Olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó la ẹnu Ajá Ẹ̀kọ, ó sún mọ́ ọn, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó dìde.

“Ta ló fún ajá yìí ní nǹkan mìíràn?”

Ànàgó ló fi sọ ọ́, gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló gbọ́. Bàbá mi ṣì ń wò mí. Bí mo bá ti sọ pé èmi ni nígbà náà, ọ̀rọ̀ parí: bàbá mi yóò mọ̀ pé ẹ̀kọ ló fẹ́ pa ajá, ẹja ló gbà á là. Gbólóhùn kan péré ni. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ níbi tí mo dúró sí, ó yé mi kedere bí ìṣirò. Mo sì rí orúkọ mi nínú ìwé Sètífíkà, mo rí i tí wọ́n fa ìlà pupa kọjá lórí rẹ̀, mo rí oko ní Aguidi. Mo ní bí a bá délé n ó sọ fún un. Mo dákẹ́.

Olùkọ́ mú ẹfun. “Ohun tí a bá rí la ó kọ,” ló wí, ó sì kọ ọ́ sí pátákó lédè Faransé, ó tún ka ìtumọ̀ rẹ̀ fún àwọn òbí: ajá tó jẹ ẹ̀kọ àti ajá tó jẹ ẹ̀wà pẹ̀lú ẹja rí bákan náà. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan láti Takon ní ẹ̀kọ náà ni òun fi tọ́ ọmọ mẹ́jọ.

Ẹ̀yìn bàbá mi ni mo ń tọ̀ bọ̀ wálé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo la ẹnu. Nígbà tó wọlé, ó ṣí fìlà, ó ní, “Ìyá, ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Mo fojú mi rí i.”

Ìgbà yẹn ni mo wá kúnlẹ̀ sọ ọ́. Mo sọ ti orí ẹja, mo sọ ti kọ́kọ́rọ́. Bàbá mi gbọ́ mi tán bó ti ń ṣe. “Nígbà tí wọ́n bi yín léèrè lójú gbogbo ayé, o dákẹ́,” ló wí. “Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá já sí ibi tí o ò fẹ́, o rí ohun sọ. O fẹ́ borí ìyá mi ní dandan ni.” Kò nà mí. Ó ní kí n dìde níwájú òun.

Ní ọjọ́ kẹta, ìyá àgbà gbé ọmọ wọkọ̀ ojú irin lọ sí Sakété, láti ibẹ̀ ó gbé e lọ sí Takon, sọ́dọ̀ obìnrin mìíràn tó ń fi àgbo wẹ ọmọ tó ń jowú oyún. Mo bá wọn dé ibùdókọ̀. Ojú ọmọ náà ti wú débi pé kò lè là á tán. Ọjọ́ kẹjọ ni ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá ọkọ̀ rìn fi ọwọ́ pe bàbá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọn kò jẹ́ kí ìyá mi sunkún ọmọ rẹ̀, nítorí oyún.

Nígbà tí a wọlé sáà tuntun, mo lọ bá olùkọ́ lẹ́yìn tí gbogbo ọmọ ti lọ tán. Ó ń fi abẹ gbẹ́ pẹ́ńsù.

“Mísíé, èmi ni mo fún ajá náà lẹ́ja.”

“Mo mọ̀,” ló wí, kò gbójú sókè. “Ọwọ́ rẹ ń rùn lọ́jọ́ náà. Ta ló tún ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀?”

“Kí ló dé tí ẹ kò sọ?”

“Mo béèrè. Mo fẹ́ wò ó bóyá wàá dáhùn.”

Mo wá sọ ti àbúrò mi fún un. Mo sọ ọ́ bí ó ti kọ́ mi, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìfi nǹkan kan sílẹ̀: ẹsẹ̀, irun, awọ itan, ohun tí bàbá mi ṣèlérí, ọjọ́ tí ọkọ̀ gbé wọn lọ. Abẹ náà dúró lórí pẹ́ńsù. Ó kọjú sí ògiri. Kò pa orúkọ mi rẹ́. Mo kórìíra rẹ̀ nítorí èyí ju gbogbo ẹgba tó nà wá lọ, mo sì kórìíra rẹ̀ dòní.

Ó tẹ̀lé mi délé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi àti ìyá àgbà, ó sì sọ ohun tí òun mọ̀. Nítorí pé ẹnu olùkọ́ ló ti jáde, bàbá mi gbà á gbọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí.

“Ọjọ́ wo lo bẹ̀rẹ̀ sí í fún ajá náà lẹ́ja?”

Mo dá a lóhùn. Ó ka ọjọ́ lórí ìka rẹ̀, láti ọjọ́ tí mo dá dé ọjọ́ tí ọkọ̀ gbé ọmọ lọ sí Sakété. Ìyá àgbà dìde, ó wọ yàrá lọ. N kò tún gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ajá nínú ilé wa mọ́.

Ọmọbìnrin ni ìyá mi bí. Nígbà tó tó ẹni tó ń jẹun, bàbá mi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ni yóò máa bọ́ ọ láàárọ̀. Ó ń se ẹyin fúnra rẹ̀ kó tó lọ sójú irin, ó ń fọ́ ọ sínú ẹ̀kọ. Lẹ́yìn náà ni yóò pè mí, yóò nawọ́ sí àpótí tó wà níwájú rẹ̀, n ó jókòó. Kò bá mi wí rí. Bí mo bá yí ojú kúrò, ọwọ́ rẹ̀ á dúró, ṣíbí á wà lókè, ọmọ náà á la ẹnu dè é, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á wà bẹ́ẹ̀ títí n ó fi yíjú padà.